Essex Hemphill, akéwì orí stéèjì: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Ẹ̀yin ará, nígbàkígbà tí mo bá ti dárúkọ ọkùnrin yìí, ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá, ni mo bá kó gbogbo ẹ̀ síbi kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá ní àkókò, kó lọ sí ibi Cinque àti ibi Joseph Beam, ibẹ̀ gan-an lẹran wà.

Ta tiẹ̀ ni Essex Hemphill?

Akéwì ni, ẹ́dítọ̀ ni, òṣèré orí stéèjì ni, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà tó jẹ́ gay tí kò sì fi bo ẹnikẹ́ni lójú. Chicago ni wọ́n bí i sí, ní oṣù kẹrin ọdún 1957, ṣùgbọ́n Washington, D.C. ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti lọ sí Ballou High School, ọmọ ọdún 14 sì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ọmọ ọdún 38. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, gbogbo iṣẹ́ tí à ń pariwo ẹ̀ yìí, nǹkan bí ọdún 15 ló fi ṣe é, ó sì wà lára ìgbà tí àìsàn ń pa àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé òǹkọ̀wé ni àbí òṣèré? Ẹ mú ọ̀kan.

Mi ò ní mú ọ̀kan jàre. Àmọ́ tí ẹ bá ní kí n sọ èyí tó ṣíwájú, stéèjì ni. Kí pọ́bílíṣà ńlá kankan tó mọ orúkọ ẹ̀, àwọn ará Washington ti gbọ́ ewì ẹ̀ létí, wọ́n ti rí i tó dúró níwájú máíkì. Ìwé ló tẹ̀lé ohùn, ohùn kọ́ ló tẹ̀lé ìwé. Àwọn tó ń kọ nípa ẹ̀ ní yunifásítì máa ń gbàgbé ibẹ̀ yẹn, wọ́n á mú ewì ẹ̀, wọ́n á máa tú u lójú ìwé bíi pé orí tábìlì ló ti wá, ó sì máa ń bí mi nínú díẹ̀. Ẹ mú ewì ẹ̀ kan, ẹ kà á sókè: àwọn ìlà kúkúrú yẹn, ibi tí èémí ẹni ti máa ń já ló ti já wọn, ọ̀rọ̀ kan náà á lọ á tún padà wá, ẹni tó ń retí kí àwọn èèyàn gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kọ báyẹn.

Ibo ló ti kọ́ṣẹ́?

Ní 1975 ó wọ yunifásítì Maryland, iṣẹ́ oníròyìn ló lọ kọ́, kò lò ju ọdún kan lọ tó fi jáde, ó sì padà gba dìgírì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì ìjọba D.C. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan dá ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ sílẹ̀, Nethula lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un láti kàwé níwájú èrò ni E. Ethelbert Miller, akéwì kan tó wà ní yunifásítì Howard, tó máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ akéwì wá sí Founders Library níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Essex àti Michelle Parkerson ti pàdé, obìnrin dúdú kan tó ń ṣe fíìmù tó tún ń kọ ewì, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ náà, ní 1980, ló ti sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé gay lòun. Howard o! Yunifásítì àwọn dúdú, níwájú àwọn dúdú. Kò lọ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n lọ kó tó sọ ọ́.

Kí ni Cinque, kí sì ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Wayson Jones àti Essex jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì Maryland, olórin ni Wayson. Ní 1982 àwọn méjèèjì pẹ̀lú Larry Duckett dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Cinque sílẹ̀, ewì ni wọ́n ń gbé jáde, àmọ́ kì í ṣe pé ẹnì kan á dìde á kà á, àwọn tó kù á máa wò ó lẹ́nu.

Ewì kan ṣoṣo, ohùn méjì tàbí mẹ́ta ló máa gbé e. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ìlà, ẹnìkejì á já ọ̀rọ̀ kan gbà nínú ẹ̀, á máa pè é ní àpètúnpè lábẹ́lẹ̀, kí ti àkọ́kọ́ tó parí èkejì á ti gun orí ẹ̀, ó dà bí elégbè, àmọ́ elégbè tí kì í dúró de ẹni tó ń dá orin. Ó le láti ṣe o, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n kàn ń pariwo. Tí ẹnì kan bá yára ju, ọ̀rọ̀ á dàrú, ẹni tó ń gbọ́ ò ní mọ ohun tí wọ́n sọ. Tí wọ́n bá sì rọra ṣe é ju, ewì lásán náà ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, kó lọ wá fíìmù Tongues Untied, tí ewì Essex wà nínú ẹ̀, kó di ojú ẹ̀ níbi ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn àwọn ọkùnrin ló máa gbọ́, wọ́n ń pe "brother to brother, brother to brother", ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yára, ó ń pọ̀ sí i, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi fẹ́ẹ̀ di ìlù. Ọgbọ́n stéèjì tí wọ́n ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Washington nìyẹn, fíìmù kàn gbé e dé ibi tó jìnnà ni.

Ibo ni wọ́n ti ń ṣeré? Ta ló ń gbà wọ́n láàyè?

Ibi tó tóbi kọ́. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní ENIKAlley Coffeehouse, ilé kékeré kan nínú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ní apá Northeast D.C., ibẹ̀ ni àwọn gay àti lesbian dúdú tó jẹ́ ayàwòrán, akéwì, olórin, ti máa ń kóra jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Washington ìgbà yẹn, àwọn dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń pe ìlú náà ní Chocolate City. Báwo la ṣe máa sọ iṣẹ́ Essex ká má sọ ìlú yẹn? Àwọn báà àti ilé ijó àwọn gay aláwọ̀ funfun wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá ọmọ dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ méjì mẹ́ta wá, aláwọ̀ funfun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sì wọlé gbẹrẹfu. Ní àdúgbò tiwọn ẹ̀wẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé, ẹnu dídé ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà wọ́n wá ibi tara wọn.

Ní 1983 ó rí gírántì gbà lọ́wọ́ Washington Project for the Arts láti fi ṣe eré kan pẹ̀lú Parkerson àti Wayson, Murder on Glass lorúkọ ẹ̀. Ẹ fi orúkọ àjọ yẹn sọ́kàn, ó ṣì máa jẹ yọ nísàlẹ̀.

Ta ló tẹ ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́?

Òun fúnra ẹ̀ ni. Earth Life jáde ní 1985, Conditions ní 1986, ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n, Be Bop Books ló wà lára wọn, òun náà ló ni Be Bop Books. Ibi tó ti ń kéwì làwọn èèyàn ti ń rà á. Ẹ má fojú kéré ìyẹn, nítorí àwọn pọ́bílíṣà àwọn dúdú ìgbà náà ń sá fún ọ̀rọ̀ gay, pọ́bílíṣà àwọn gay sì ń wá ìtàn aláwọ̀ funfun.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Díẹ̀. Ní 1986 ó gba owó ìrànwọ́ fún akéwì lọ́wọ́ National Endowment for the Arts, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ran àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ́wọ́. Ní 1993 ó gba Pew Fellowship, owó ìrànwọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Philadelphia, ọdún yẹn náà ló lọ jókòó ṣèwádìí ní Getty Center ní Califóníà. Láàárín ìgbà yẹn, à ń tọwọ́ bọ àpò ni. Ó ní ewì kan tó ń jẹ́ Black Beans, olólùfẹ́ méjì ni, owó ò sí nílé, ẹ̀wà ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò tó ti tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, síbẹ̀ ìfẹ́ ni ewì náà ń sọ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tí kò tíì jẹ ẹ̀wà jíjóná nítorí kò sí òmíràn ò lè kọ irú ẹ̀.

Joseph Beam ńkọ́? Kí ló dé tí orúkọ àwọn méjèèjì kì í fi ara wọn sílẹ̀?

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Joseph Beam, ọmọ Philadelphia, ló kó ìwé In the Life jọ ní 1986, iṣẹ́ àwọn ọkùnrin dúdú tó jẹ́ gay ló kún inú ẹ̀, kò sí irú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ewì Essex wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ẹ̀ ti kúrò ní Washington tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìlú míì. Ilé ìtàwé àwọn gay ni Joe ń bá ṣiṣẹ́, Giovanni's Room ní Philadelphia, ó ń to ìwé sórí pẹpẹ lójoojúmọ́ kò sì rí ara ẹ̀ nínú wọn, ó ti sú u, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn òǹkọ̀wé kiri.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kejì nígbà tí AIDS pa á ní oṣù kejìlá ọdún 1988. Kò tíì pé ọdún 34. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ tí kò parí: lẹ́tà àwọn òǹkọ̀wé, ewì, ìtàn, àwọn tó ṣì ń retí èsì. Ìyá Joe, Dorothy Beam, ni wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ àwọn ò ní kú sínú àpótí. Essex kó ẹrù ẹ̀, ó fi Washington sílẹ̀, ó lọ bá màmá ní Philadelphia, ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, àwọn méjèèjì sì jọ ṣe é títí tó fi parí. Brother to Brother jáde ní 1991, ó sì gba àwọọ̀dù Lambda, tí wọ́n ń fún àwọn ìwé gay àti lesbian.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún òǹkọ̀wé tí orúkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dún. Ìgbà tó yẹ kó máa kọ tara ẹ̀, ó ń tún gbólóhùn ẹlòmíì ṣe, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn tí àwọn kan nínú wọn ti ń ṣàìsàn, nínú ilé tí ìyá òkú ń gbé. Àwọn kan máa ń kọ nípa ẹ̀ bíi pé akọni kan ṣoṣo ni, èmi ò gbà. Pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì àti fún àwọn ẹlòmíì ló fi ṣiṣẹ́, Cinque nìyẹn, Beam nìyẹn, àwọn fíìmù nìyẹn.

Wàhálà wo ló wà nídìí Tongues Untied?

Marlon Riggs ló ṣe fíìmù náà ní 1989, ewì Essex ni òpó ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sì wà nínú ẹ̀, tó ń wo kámẹ́rà lójú kòrókòró. Ìgbé ayé ọkùnrin dúdú tó jẹ́ gay ló wà níbẹ̀: ìbẹ̀rù, ijó, ẹ̀fẹ̀, ìka títa (ẹ̀kọ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ta ìka, ó pa mí lẹ́rìn-ín), àti àwọn tó ti kú.

Ní 1991 tẹlifíṣọ̀n PBS fẹ́ fi hàn nínú ètò tí wọ́n ń pè ní P.O.V., ni ọ̀pọ̀ ibùdó bá ní àwọn ò fi hàn, àwọn míì fi hàn ní òru. Lára owó tí Riggs fi ṣe é, 5,000 dọ́là wá láti ọ̀dọ̀ National Endowment, owó ìjọba, ìyẹn làwọn olóṣèlú bá rí dì mú. Ní 1992, Pat Buchanan tó ń bá Ààrẹ George Bush du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Republican gé díẹ̀ nínú fíìmù náà, ó fi ṣe ìpolówó ìbò, pé ẹ wo ohun tí ìjọba Bush ń fi owó yín ṣe. Kò bi Riggs o. Ó gé iṣẹ́ ọkùnrin tó ti ní kòkòrò HIV lára, ó fi ń wá ìbò.

Riggs kú ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ó ń ṣe fíìmù mìíràn lọ́wọ́, Black Is… Black Ain't, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló parí ẹ̀ fún un. Essex wà nínú ìyẹn náà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n pa ohùn fíìmù kan nítorí Langston Hughes, akéwì dúdú Amẹ́ríkà àtijọ́ yẹn?

Lóòótọ́ ni. Looking for Langston ni, Isaac Julien ará Lọ́ńdọ̀nù ló ṣe é, 1989 náà ni, fíìmù tí àwòrán ẹ̀ jẹ́ dúdú-àti-funfun, tó rẹwà gan-an, ewì Essex sì wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ Hughes ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so orúkọ ẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ gay, wọ́n lo òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, nígbà tí wọ́n wá fi fíìmù náà hàn ní New York Film Festival, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tí ewì Hughes bá ti bọ́ sí. Èrò jókòó, wọ́n ń wo ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́.

Mo gbọ́ pé ó bá àwọn gay aláwọ̀ funfun jà. Nítorí kí ni?

Robert Mapplethorpe. Ayàfọ́tò ni, ó gbajúmọ̀, ó ya àwọn ọkùnrin dúdú ní ìhòòhò. Ní 1989 ilé ìṣàfihàn Corcoran ní Washington fagi lé ìṣàfihàn ẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù àwọn olóṣèlú, Washington Project for the Arts (ẹ rántí wọn?) ló gbà á wọlé, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà sì tò sẹ́yìn Mapplethorpe pé ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀. Essex ò sọ pé kí wọ́n fòfin dè é. Ohun tó kọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Brother to Brother ni pé ẹ wò ó dáadáa, nínú fọ́tò kan tó lókìkí jù nínú wọn, ọkùnrin dúdú náà ò lórí, ẹ̀yà ara ọkùnrin ẹ̀ ni wọ́n kọjú kámẹ́rà sí, kóòtù àti ṣòkòtò ló yí i ká. Ó ní ọmọ dúdú tó wà ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹran ni, èèyàn kọ́. Ó dun àwọn kan gan-an torí Mapplethorpe ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún yẹn ni, AIDS náà ló pa á.

Kó má dà bíi pé apá kan ṣoṣo ló ń sọ òkò sí, ó tún dojú kọ Dókítà Frances Cress Welsing, oníṣègùn ọpọlọ tó lókìkí láàárín àwọn dúdú, tó ní ìwà gay lára ọkùnrin dúdú, àwọn aláwọ̀ funfun ló fà á. Essex kọ àròkọ gígùn kan láti dá a lóhùn, ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, ìbínú wà níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Ceremonies ńkọ́?

1992, Plume ló tẹ̀ ẹ́, pọ́bílíṣà ńlá àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀. Ewì àti àròkọ ló wà nínú ẹ̀ pọ̀, èsì sí Welsing yẹn wà níbẹ̀. Àjọ àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà fún un ní àwọọ̀dù ìwé gay àti lesbian. Òun náà ni ìwé ńlá tí òun nìkan kọ tó jáde nígbà ayé ẹ̀.

Ṣé ó kọ nípa àìsàn ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú iṣẹ́ gígùn kan tó pè ní Vital Signs, 1994. T-cell, ìyẹn sójà inú ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò HIV máa ń pa, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ọjọ́. Kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú.

Ohun tó máa ń ká mi lára jù ni déètì. Ó kú ní November 4, 1995, ní Philadelphia. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú irú oògùn HIV tí wọ́n ń pè ní protease inhibitor, ní 1996 àwọn dókítà ti ń pa á pọ̀ mọ́ oògùn míì, àwọn tó ti ń múra ikú sì dìde padà. Mi ò lè sọ pé ì bá gba Essex là, àmọ́ ẹ wo bó ṣe sún mọ́ra tó.

Kí ló dé tí ìwé ẹ̀ fi ṣòro láti rí fún ìgbà pípẹ́?

Wọn ò tẹ̀ wọ́n mọ́, ó tán. Cleis Press tún Ceremonies tẹ̀ ní 2000, òun náà tún tán lọ́jà, ẹni tó bá ní ẹ̀dà àtijọ́ á wá máa tà á lówó gọbọi. RedBone Press, pọ́bílíṣà kékeré tí Lisa C. Moore dá sílẹ̀, ló dá In the Life àti Brother to Brother padà sọ́jà bíi 2007 sí 2008. Láàárín ìgbà yẹn, fọ́tókọ́pì ló ń gbé ewì Essex kiri, ẹnì kan á fún ẹnì kan.

Nísinsìnyí ó ti rọrùn. Ní 2025 New Directions tẹ àṣàyàn ewì ẹ̀, Love Is a Dangerous Word, John Keene àti Robert F. Reid-Pharr ló ṣà á jọ. Ọdún yẹn náà ni Phillips Collection, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Washington, ṣe ìṣàfihàn nípa òun àtàwọn ayàwòrán tí iṣẹ́ wọn bá tiẹ̀ tan. Ní ti ìwé àfọwọ́kọ àti àwọn nǹkan ìgbà Cinque, Schomburg Center, ilé ìkàwé tó ń tọ́jú ìtàn àwọn dúdú ní Harlem, New York, ni kí ẹ lọ, àkójọ tó ń jẹ́ orúkọ Essex àti Wayson wà níbẹ̀, ti Joseph Beam náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́ akéwì ni mí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Fíìmù ni kó o kọ́kọ́ wò, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Wo Tongues Untied lẹ́ẹ̀kan, kó o gbọ́ bó ṣe ń dúró láàárín ọ̀rọ̀, ibi tó ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì ì bá kígbe. Lẹ́yìn náà kó o wá ra àṣàyàn ewì 2025 yẹn, tó o bá sì lè rí Ceremonies, rà á nítorí àwọn àròkọ, àṣàyàn yẹn ò ní àròkọ nínú. Tó o bá wá fẹ́ gbé ewì ẹ̀ sórí stéèjì, wá ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ jọ ṣe é, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí pọ́bílíṣà fún ìyọ̀ǹda, torí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà lórí wọn o.